Hàǹtú Làmídì àti Mọ́tò Aláwọ̀ Àlùbọ́sà

Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó bá lọ Mẹ́kà máa ń kó bọ̀, dàbínù, omi sàmúsàmù, tẹ̀súbáà, ẹní ìkírun tí wọ́n ya àwòrán Káábà sí, n kò tíì gbọ́ ti ẹni tó gbé mọ́tò ìjàpá bọ̀, àfi Ìyá Àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi. Mọ́tò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ nígbà náà. Irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe rọ́bà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ń ṣí, ó ní ìjókòó àti sítíárì nínú, bí ènìyàn bá sì fi èékánná gbé ìdí rẹ̀ sókè, yóò rí ẹ́ńjìnnì kékeré níbẹ̀, nítorí ìdí ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìjàpá máa ń wà, bí ọgbọ́n àwọn àgbàlagbà kan tí mo mọ̀. Bèbí ni Ìyá Àgbà ṣèlérí fún mi kí wọ́n tó wọ bàálù, nítorí pé mo ti kéwú dé Yásìn. Wọ́n dé, ó di mọ́tò. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní gbogbo bèbí tí àwọn rí lọ́jà ló ṣí orí sílẹ̀, òmíràn kò tilẹ̀ wọ nǹkan kan, àwọn kò sì ní torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbé ìhòòhò bọ̀ láti ilẹ̀ mímọ́. Mọ́tò kì í wé gèlè, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí.

Àwọ̀ rẹ̀ ni ìyọnu. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe àlùkò. Àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà ni. Nínú àpò Ìyá Àgbà, ike omi sàmúsàmù ti fi ara gbún un láti Mẹ́kà dé Ìlọrin, ọ̀dà orí rẹ̀ sì ti ṣí ní ibi mẹ́ta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ọmọ kéwú ilé wa ti ń pè mí ní Sàfú Alálùbọ́sà. Sàfúrátù ni orúkọ mi, orúkọ tó dára, tí wọ́n fi àgbò sọ. Mo fẹ́ràn mọ́tò náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbé e sùn, àmọ́ ojú ń tì mí láti gbé e jáde. Mo pinnu pé n óò yí i padà sí búlúù.

Ilé kéwú ni ilé wa. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ààfáà, ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá mú. Ohùn kéwú ni a fi ń jí, òun la fi ń mu kókò, òun la fi ń jẹ másà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ṣi í kà yóò gbọ́ ìró pàṣán kí ó tó gbọ́ ìró ohùn ara rẹ̀. Òdìkejì títì, ní iwájú ilé wa gan-an, ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kẹ́mi wà. Kìrìsìtẹ́nì ará Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n, iṣẹ́ kíkun mọ́tò ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà máa ń bú ramúramù, ohùn ogójì ọmọ kéwú náà ń bú ramúramù, títì kan ṣoṣo ló sì là wọ́n láàárín. Wọ́n ti bá ara wọn ṣe àdéhùn: Bàbá Kẹ́mi yóò pa ẹ̀rọ bí àkókò ìrun bá tó, bàbá mi kò sì ní bínú bí orin ìyìn bá wọlé wá lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rò ni pé etí kì í ní ẹ̀sìn. Mo ti gbọ́ tí Bàbá Kẹ́mi ń fi ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ súrà ní àkọ́sórí, èmi náà sì mọ orin Àjíǹde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé mọ́tò mi lọ. Mo ti rò pé wọn óò kàn fọ́n búlúù lé e lórí, kí n máa lọ. Wọ́n yí i wò, wọ́n fi ìka họ orí rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá oníbàárà àgbà sọ̀rọ̀.

“Sàfú, ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ọ̀dà, irọ́ ló ń pa, irọ́ náà á sì ṣí. Bó o títí irin á fi yọjú. Lẹ́yìn náà, fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní. Bí eruku bíńtín bá kù lára ẹ̀, ọ̀dà mi ò ní mú un.”

Wọ́n bu tínà, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà, díẹ̀ fún mi sínú agolo mílíìkì, wọ́n fi àkísà kan àti sáńpépà tó ti gbó kún un. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé tínà súnmọ́ iná, kí n má sì gbé e súnmọ́ imú. Mo gbọ́ ti iná.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo fi ọ̀bẹ tú ìdè kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ mọ́tò, ó sì pín sí méjì: orí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, ìjókòó àti gíláàsì bọ́ jáde. Mo tò wọ́n sínú àwo kan kí adìyẹ má bàa ṣà wọ́n jẹ. Mo fi àkísà tó rin gbingbin fún tínà nu orí rẹ̀, mo ní sùúrù, ọ̀dà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ bí ojú kókò tó ti tutù. Mo fi igi ìṣáná fá a. Ìpele àlùbọ́sà kúrò, funfun kan wà lábẹ́ rẹ̀, mo fá ìyẹn náà, ni irin bá yọ, ó ń dán, ó sì tutù lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kọjá, wọ́n ní irú òórùn ọsibítù wo nìyí, wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní háà, ọmọ yìí ti bó aṣọ ìjàpá. Wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀ pé wọ́n gbìyànjú láti yẹra fún ìhòòhò. Wọ́n sì lọ jókòó ti wàrà tí wọ́n ń sè.

Ó ku fífọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni, ọyẹ́ ọdún náà sì kanra. Eruku bo gbogbo nǹkan, kànga wa ti gbẹ débi pé pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀, omi tí a ń mu ń ti ọ̀nà jíjìn wá lórí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Màmá mi ló ń bu omi fún olúkúlùkù, ìkòkò wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ṣeré. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bu ife kan fún mọ́tò mi. Wọ́n bi mí bóyá mọ́tò náà fẹ́ kírun. Mo ní rárá. Wọ́n ní nígbà tó bá ṣe tán láti kírun kó wá, àwọn óò bu omi àlùwàlá fún un.

Nígbà náà ni mo rántí omi wàláà. Ẹni tó bá dàgbà nílé kéwú yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Tàdáwà la fi ń kọ̀wé sára wàláà onípákó, bí a bá ti kà á tán, a óò fọ̀ ọ́ kí a lè kọ òmíràn. Omi dúdú tó bá ti ibẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, nítorí náà a kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ yóò ti tẹ̀ ẹ́. Inú abọ́ la ń gbà á sí, ìdí igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìnkùlé la sì ń dà á sí. Lọ́jọ́ náà, mo rí abọ́ tánganran kan tó kún fún omi dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ àgùntàn tí bàbá mi máa ń jókòó lé. Mo ní àwọn ọmọ ti fọ wàláà, ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ìdí igi. Mo gbé e. Mo ri mọ́tò mi sínú rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ nínú, mo fọ̀ ọ́ lóde, mo fọ kọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ títí gbogbo eruku sáńpépà fi tán. Ọmọ ilé kéwú ni mí, n kò da ìyókù sílẹ̀ bí aláìmọ̀kan. Mo gbé e lọ dà sídìí dóńgóyárò, mo sọ pé bísímílà, mo nu abọ́, mo sì dá a padà sáàyè rẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé Ọlọ́run yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ní láádá.

Nígbà tí irin náà gbẹ, mo gbé e sáré lọ bá Bàbá Kẹ́mi. Wọ́n so ó mọ́ wáyà, wọ́n fọ́n ọ̀dà àkọ́kọ́ sí i, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n wá fọ́n búlúù tó ṣẹ́kù lára mọ́tò olówó kan sí i. Mo ti rí búlúù púpọ̀ láti ìgbà náà wá. N kò tíì rí irú rẹ̀. Bàbá Kẹ́mi pàápàá yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n bi mí kí ni mo fi fọ irin yìí tí ọ̀dà fi jókòó lé e báyìí. Mo ní omi ni. Ibi tí mo ti ń fi ìdùnnú yí ọrùn ni bọ́ọ̀sì kan ti wá dúró níwájú ilé wa, ni mo bá gbọ́ ohùn bàbá mi. Wọ́n ní kí n gbé abọ́ hàǹtú Làmídì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ wọn wá.

Hàǹtú náà, omi wàláà ni. Ìyàtọ̀ kan ló wà: Ààfáà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ó ń kà á, ó sì ń fọ̀ ọ́ fún ẹni tó ní ìṣòro, kí ẹni náà mu ún tàbí kó fi wẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí èyí. Làmídì, ọ̀dọ́kùnrin ará Òkè-Òyì tó máa ń kó iṣu wá fún wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀sì àlòkù tí yóò máa fi kó èrò láti Post Office ní Ìlọrin lọ sí ìlú rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bọ́ọ̀sì náà ti dojú dé lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣì wọ́. Ìyàwó Làmídì wà nínú oyún àkọ́kọ́. Bàbá mi ti ka Yásìn lé omi náà lórí nígbà mọ́kànlélógójì láti ìdájí, òun ni Làmídì yóò fi wẹ bọ́ọ̀sì náà. Mo sì ti fi wẹ ìjàpá.

N kò ronú. Ẹni tó bá ní òun ronú nírú àkókò bẹ́ẹ̀, irọ́ ló ń pa. Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo da omi tó kù nínú búúta àlùwàlá sínú abọ́, mo ki ìka bọ ìgò tàdáwà bàbá mi, mo rò ó pọ̀ títí ó fi dúdú, mo sì gbé e jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo kúnlẹ̀. Làmídì gbà á bí ẹni gba ọmọ ìkókó. Ó fi wẹ iwájú bọ́ọ̀sì, ó fi wẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi nu sítíárì, ó bu ìyókù lé orí ara rẹ̀. Bàbá mi ń ṣàdúrà, gbogbo ọmọ kéwú ń ṣe àmín, àmín mi ló kéré jù. Làmídì ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní àdúgbò Fate ni òun óò gbé bọ́ọ̀sì náà sí, pé òun óò yà kí Ààfáà láàárọ̀ ọ̀la kí òun tó lọ kó èrò àkọ́kọ́. Ó lọ, tàdáwà ń ṣàn lẹ́bàá etí rẹ̀.

Ìyá Àgbà ló kíyè sí mi. Wọ́n gbé wàrà sísun fún mi, n kò jẹ ẹ́, ìyẹn ní ilé wa sì jẹ́ àmì àìsàn ńlá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún bàbá mi. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìró wọn mú. Wọ́n bi mí bóyá mo rọra fọ abẹ́ rẹ̀ náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹkún ni mò ń sun ní tòótọ́, wọ́n dákẹ́. Mo ń rí bọ́ọ̀sì náà lójú mi, tó dojú dé, tí iṣu àti ènìyàn dà sí títì, tí Làmídì ń bi mí pé kí lo fún mi wẹ̀.

“Omi ló dànù, agbè ò fọ́,” ni wọ́n wí. “Hàǹtú kì í sọ nù, Sàfú. Ibi tó bá wọ̀, ibẹ̀ náà ló ń bẹ. Ìjàpá ló wọ̀. Jẹ́ kí ìjàpá wọ bọ́ọ̀sì.”

Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí ó tó yé mi. Mo ní ṣé kí n gbé mọ́tò mi fún Làmídì ni? Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn, kí n lọ bá bàbá mi kí wọ́n kọ òmíràn, pàṣán wà níbẹ̀. Mo ro pàṣán náà dáadáa. Kí n má parọ́, pàṣán wù mí jù. Egbò pàṣán á san lọ́jọ́ mẹ́ta, mọ́tò mi á sì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ta ló mọ̀ bóyá bàbá mi yóò tún jókòó ka ìgbà mọ́kànlélógójì kí Làmídì tó kó èrò? Mo bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n búra pé àwọn kò ní sọ. Wọ́n fi ìrìn àjò Mẹ́kà wọn búra.

Làmídì dé láàárọ̀ bí ó ti wí, ó fọ eyín, ó de fìlà tuntun. Mo kúnlẹ̀, mo na mọ́tò búlúù mi, tí mo ti tò padà, sí i. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ kan, n kò tíì yí táyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ilẹ̀. Ó ní kí ni kóun fi ṣe. Mo ní kí mọ́tò náà máa bá a ṣọ́nà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dá a padà fún mi, ó ní ohun ìṣeré ọmọdé kì í ṣe ohun tí àgbà ń gbà, ọkàn mi sì ń sọ pé dá a padà, dá a padà. Bàbá mi pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, bàbá mi ń nàka sí mọ́tò mi, mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe lé e lórí. Làmídì yíjú wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá wáyà, ó fi de ìjàpá náà mọ́ iwájú bọ́ọ̀sì, lókè sítíárì, ó sì wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Láti òdìkejì títì, Bàbá Kẹ́mi kígbe pé ta ló ń gbé búlúù òun lọ yẹn. Mo wọlé, mo da aṣọ bojú, mo sun ẹkún débi pé Ìyá Àgbà ní kí n fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ikú àwọn.

Mo fi pamọ́, mo sì lò ó nígbà tó yá. Kí ìyẹn tó dé, mo máa ń rí bọ́ọ̀sì náà ní Post Office bí mo bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ìjàpá mi jókòó níwájú rẹ̀ bí ọ̀gá. Bọ́ọ̀sì náà di aláwọ̀ ewé nígbà tó yá, ó tún di funfun, mo kúrò nílùú, n kò rí i mọ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bàbá mi títí wọ́n fi kú. Mo rò ó lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń sọ pé ó di ọ̀la. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ju ogún ọdún lọ, nítorí òtítọ́ náà ti darúgbó, ọ̀pá ló fi rìn wá.

Làmídì ló wá kí mi ní ilé tí mo padà wá ń gbé ní Fate báyìí. Ó ti di bàbá arúgbó, ó ní òun ti ta bọ́ọ̀sì òun ìkẹyìn, ọmọ tó wà nínú oyún lọ́jọ́ náà ti ń kọ́lé. Ó tú hánkáṣíìfù kan, ó gbé mọ́tò mi lé mi lọ́wọ́. N kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Funfun ni, ó wú, ó sanra, ọ̀dà ti di ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, táyà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Mo fi èékánná họ ìdí rẹ̀ díẹ̀, funfun ṣí, aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ìgbàkígbà tó bá kun bọ́ọ̀sì, ó ń kun ìjàpá náà. Ẹ̀kọ́ Bàbá Kẹ́mi ru sókè nínú mi. Mo ní Bàbá, ẹ kò ṣe bó o kí ẹ tó máa kun òmíràn lé e?

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èèmọ̀.

“Bó kẹ̀? Ààfáà ní hàǹtú mi wà lára ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún mi. Ìyá Àgbà yín ti rò ó fún wọn.”

Ìyá Àgbà, tó fi Mẹ́kà búra. Mo jókòó. Mo bi í pé bí bàbá mi bá mọ̀, kí ló dé tí wọn kò kọ hàǹtú mìíràn fún un. Ó ní òun náà béèrè. Ó ní wọ́n dá òun lóhùn pé àwọn lè kọ òmíràn kí oòrùn tó yọ, àmọ́ ohun tí ọmọ àwọn fi sílẹ̀ fún òun yẹn, kò sí àdúrà tí àwọn mọ̀ tó jù ú lọ. Wọ́n ní kí òun má jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn mọ̀, nítorí bí mo bá mọ̀, n óò gba mọ́tò mi padà. Òótọ́ ni. Ǹ bá gbà á kí ó tó ṣíná bọ́ọ̀sì.

Orí àpótí ìwé mi ló wà báyìí. Ọmọbìnrin mi, tó mọ ohun gbogbo, ní kí a fi tínà bó o, kí búlúù tí mò ń ròyìn lè yọ, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ṣí. Mo ní kó lọ wá nǹkan ṣe.